Ohun Tó Ń Gbé Inú Obì

Aago méje ti lù ní Dundee, ilẹ̀ ò tíì mọ́.
Afẹ́fẹ́ odò Tay ń fi èékánná ha fèrèsé.
Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ṣí fìríìjì,
ìgò wẹ́wẹ́ tò sínú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà.
Wọn ò ní orúkọ. Nọ́ńbà ni wọ́n fún wọn.
Ìwọ, ọ̀kànlélógójì, ni mo wá bá.

Wọ́n ní n má béèrè ẹni tó ni ọ́.
Ìwé pélébé kan ló tẹ̀ lé ọ wá:
Ọkùnrin. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Ó ti jó irin mọ́ ọkọ̀ ojú omi rí.
Kò lè jẹun tán mọ́.
Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, dókítà kọ́ ló ni ín.
Ìyàwó ló sọ ọ́,
tí nọ́ọ̀sì kan sì kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Inú obì ni kòkòrò tí ń jẹ obì ń gbé.
Èyí tí mò ń wá kéré ju ti obì lọ púpọ̀,
ó lọ́ bí irun orí ọmọ tuntun,
ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kíkan tó lè jẹ irin,
ó fi òórùn bíi ti ìtọ̀ ṣe agbádá, ó wọ̀ ọ́.
Bó bá fẹ́ ṣèkà, a yọ abẹ́rẹ́,
a gún àpòlúkù, a sọ̀rọ̀ sí i létí:
Máa pọ̀. Má dúró.
Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ara ò gbàgbé,
bí ẹni tó sọ ọ́ tilẹ̀ ti kú.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n wá etí tó gbọ́,
kí wọ́n lè fi oògùn dí i.
Iṣẹ́ Nazneen ni kó wá àmì nínú ẹ̀jẹ̀,
èyí tí yóò wí fún wa lọ́sẹ̀ kẹta pé oògùn ń jẹ́,
kí a má baà fi oṣù mẹ́fà da májèlé
sára ẹni tí kò ní rí ju èébì lọ gbà níbẹ̀.
Ọdún mẹ́rin rèé. Etí mẹ́sàn-án la ti yẹ̀ wò.
Mẹ́jọ dití.

Lóṣù kẹwàá wọ́n ń wá ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, fún ìfiwéra.
Mo nawọ́. Mo fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò, mò ń rẹ́rìn-ín.
Fergus ka ẹ̀rọ. Kò rẹ́rìn-ín.
Èmi tí mò ń dọdẹ olè,
abọ́ kan náà la jọ ń jẹ láti kékeré,
láti ìgbà tí ìyá mi ti ń rún ẹran fún mi
ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kó tó fi sí mi lẹ́nu;
ìyá tó fi ogún ọdún mu oògùn funfun inú ìgò búlúù,
tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ata ló fẹ́ràn jù.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá, oògùn mẹ́ta,
ẹnu mi dà bí ti ẹni tó lá kọ́bọ̀.
Atẹ́gùn mi mọ́.
Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn, fún ẹni tí wọ́n bá tètè rí.
Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì.
Obìnrin kan fún mi ní tíṣù, kò bi mí ní nǹkan kan.

Òní, ọ̀kànlélógójì, ẹ̀jẹ̀ rẹ ọ̀sẹ̀ kẹta dé.
Ìlà pupa kan lójú kọ̀ǹpútà: ó wálẹ̀ díẹ̀,
díẹ̀ tí èèyàn ò lè fi yọ̀.
Nazneen ní ká tún un ṣe.
A tún un ṣe. Ó tún wálẹ̀, bí ìbú ìka.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó lọ gbé omi tíì kaná.

Mò ń ro tábìlì kan nínú ìlú yìí,
ọkùnrin kan tí mi ò ní mọ̀ láé:
ó mú ṣíbí, ó wò ó,
ó gbé e sẹ́nu.